Ìbọn Onílẹ́fà Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹ̀ka Onitsha sọ ní ìpàdé oṣooṣù

  Akọ̀wé wa ni ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìbọn àtijọ́. Mo bi í pé, "Ìbọn kẹ̀? Ogun wo ni ó dé?" Ó ní kò sí ogun, pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ni ó jogún ìbọn onílẹ́fà lọ́wọ́ àwọn bàbá wọn, tí wọn kò mọ irú ọta tí ó ń jẹ, tí wọn kò sì mọ ẹni tí wọn yóò bi. Ọ̀kan fẹ́ fi tirẹ̀ ṣọdẹ ní ìhà Ogbaru. Òmíràn ń wá ẹni tí yóò bá òun rà á. Ìbéèrè yìí tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ kí ẹnìkan tó fi ojú tàbí ìka rẹ̀ dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbọn tí púpọ̀ nínú wa bá lọ́wọ́ àwọn àgbà ni ṣakabùlà. Láti ẹnu ni a ti ń ki ẹ̀tù sí i, tí a ó da ọta lé e, tí a ó sì fi nǹkan dí i. Ìbáà jẹ́ òjé, ìbáà jẹ́ irin wẹ́wẹ́, ṣakabùlà kì í kọ oúnjẹ. Èkejì ni ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí à ń ṣẹ́ láàrin kí a tó fi kátíríìjì sí i. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó mú wa jókòó lónìí. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó tẹ̀ bí etí ìkòkò, tí ìka ń wọ inú rẹ̀. Bí a bá tì í sílẹ̀ síwájú, kátíríìjì tí a ti yìn yóò fò jáde. Bí a bá dá a padà, òmíràn yóò wọlé, òòlù ìbọn yóò sì ti wà ní ìdúró. Irin náà ni àwọn Òyìnbó ń pè ní lẹ́fà. Inú ọ̀pá rẹ̀ ní ilà tí ó lọ́ yíká, èyí tí ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó bí ó ti ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń lọ tààrà ju ti ṣakabùlà lọ.

Ilé iṣẹ́ Winchester ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó sọ irú ìbọn yìí di olókìkí. Wọ́n gbé ọ̀kan jáde ní 1873. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Browning bá wọn ṣe ti 1886, ti 1892, ti 1894 àti ti 1895. Ti 1894 nìkan, ó ju mílíọ̀nù méje lọ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ wọn ní New Haven ní 2006. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn, Martini-Henry, tí ìjọba wọn gbà fún àwọn ọmọ ogun ní 1871. Ó ní lẹ́fà lábẹ́, ṣùgbọ́n kátíríìjì kan ṣoṣo ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ni a sì fi ń kì í.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó ti le. Ṣakabùlà ń jẹ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n onílẹ́fà, oúnjẹ kan ṣoṣo ni ó ń jẹ láyé. A kọ orúkọ oúnjẹ náà sára ọ̀pá rẹ̀, nọ́ńbà ni a sì fi ń kọ ọ́. Bí ẹ bá rí .44-40, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwọ̀n ọta náà ní fífẹ̀ súnmọ́ ìdá mẹ́rìnlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún íńṣì, àti pé ẹ̀tù dúdú tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ wúwo tó grain 40, ìyẹn ìwọ̀n kékeré tí àwọn alẹ́tù ń lò. Bí ẹ bá rí .30-30, ọgbọ̀n ìdá íńṣì ni ọta, ẹ̀tù aláìléèéfín sì jẹ́ grain 30. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí .577/450 ti Martini-Henry, ẹ má fi ọgbọ́n ti àkọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ o, nítorí níbẹ̀ kò sí nọ́ńbà ẹ̀tù rárá. Kátíríìjì tí ìdí rẹ̀ ti wá láti ara.577 ni, tí a fún ọrùn rẹ̀ pọ̀ kí ó lè gba ọta .450. Ọta rẹ̀ wúwo tó gráàmù 31, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ọta .30-30. Báyìí ni àwọn Òyìnbó ṣe ń sọ ọmọ wọn lórúkọ: kálukú ní àṣà tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi àṣà ilé kan ka ti ilé kejì yóò ṣìnà.

Ẹ má rò pé ìṣòro ọta yìí jẹ́ àjèjì sí ìran wa. Nígbà tí ogun Kírìjì gbóná, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí a kò sì tú àgọ́ rẹ̀ ká títí di 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó kó ara wọn jọ, ẹgbẹ́ àwọn tí ó wà lájò bí tiwa yìí gan-an. Wọ́n ra ìbọn tí à ń ki láti ìdí, Snider àti Martini-Henry, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó lọ sí ọ̀dọ̀ Ògèdèǹgbé àti àwọn balógun Èkìtì Parapọ̀. Ìbàdàn ní akíkanjú, Ìbàdàn ní ìrírí ogun, ṣùgbọ́n ṣakabùlà ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, àwọn ọ̀nà etíkun sì ti dí mọ́ wọn. Ìró ìbọn tí ń dún láàrin àwọn òkè ni wọ́n ní ó fún ogun náà lórúkọ. Ààrẹ Látòósà kú ní àgọ́ ní 1885, ogun kò tíì parí.

Ìtàn yìí, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìbọn ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Lójú tèmi, ọ̀nà Oǹdó ni ó ṣe é. Alágbẹ̀dẹ ìlú lè rọ ọta ṣakabùlà lóru kan; kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ kátíríìjì Snider. Bí ọ̀nà náà bá ti dí ní oṣù kan, ọ̀pá ìdáná ni gbogbo ìbọn tuntun wọ̀nyẹn ìbá dà. Àwọn ìjọba Yúróòpù mọ èyí dáadáa. Ní 1890, wọ́n pàdé ní Brussels, wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan tí ó ka ìbọn onílà-inú àti ìbọn tí à ń ki láti ìdí léèwọ̀ fún títà ní ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìwọ̀n 20 lókè ìlà àárín ayé títí dé ìwọ̀n 22 nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣakabùlà àti ẹ̀tù rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ní etí Odò Ọya wa níhìn-ín, ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ti gba ìwé àṣẹ ọba ní 1886. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ jà ní Bídà àti Ìlọrin ní 1897, Snider ni wọ́n gbé lọ́wọ́. Òfin Brussels kò kàn wọ́n.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, nítorí pé ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, ilé iṣẹ́ W. W. Greener ti Birmingham ṣe ìbọn onílẹ́fà kan, irú Martini, fún àwọn ọlọ́pàá àti ọlọ́dẹ ìlú ní Íjíbítì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní ìwọ̀n ẹnu tí kò sí lọ́jà, ìwọ̀n 14, kí ẹni tí ó bá jí i má lè rí ọta fún un. Àwọn kan dọ́gbọ́n, wọ́n fi bébà wé kátíríìjì ìwọ̀n 16 títí ó fi wọlé. Ni Greener bá tún un ṣe: ó fún ọrùn kátíríìjì pọ̀, ó sì ṣe irin tí ń lu ìdí rẹ̀ ní ẹlẹ́nu mẹ́ta, tí ó fi jẹ́ pé kátíríìjì mìíràn kò lè gbiná. Ẹ rí i pé ẹni tí ó ṣe ìbọn fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí ó bá ní ọta ni ó ni ín.

Ó wá kan wa. Ewu tí ó ga jù lọ nínú ìbọn àjogúnbá ni kátíríìjì tí ó "fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu." Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ilé iṣẹ́ Savage ti Amẹ́ríkà ṣe ìbọn onílẹ́fà kan láti 1899, ọ̀kan nínú ọta tí ó ń jẹ sì ń jẹ́ .303 Savage. Gbogbo àwọn àgbà tí ó bá ṣe iṣẹ́ ológun tàbí ọlọ́pàá nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó mọ .303, ọta àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà kan náà ni, ṣùgbọ́n kátíríìjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni! Ti Gẹ̀ẹ́sì gùn ju ti Savage lọ, ara wọn kò bára mu. Ẹni tí ó bá rí .303 lára ìbọn bàbá rẹ̀, tí kò ka ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e, tí ó sì lọ ń wá .303 kiri, ń wá ìjàǹbá. Bákan náà ni Winchester .32 Special, tí wọ́n ṣe láti ara .30-30: kátíríìjì .30-30 lè wọ ilé ọta rẹ̀, lẹ́fà yóò pa dé, ẹni tí ó ni ín yóò sì rò pé ó tọ́. Ọta kékeré yóò máa gbọ̀n nínú ọ̀pá ńlá, ọrùn kátíríìjì lè ya, kò sì sí ibi tí ọta náà kò lè gbà lọ. Pé kátíríìjì wọlé kò túmọ̀ sí pé ilé rẹ̀ nìyẹn. Àlejò pẹ̀lú ń wọlé.

Èkejì ni ẹ̀tù. Ìbọn tí a ṣe ní ìgbà ẹ̀tù dúdú, irin rẹ̀ kò le tó ti ìsinsìnyí. Ẹ̀tù aláìléèéfín ní agbára ju dúdú lọ ní ìwọ̀n kan náà; ẹni tí ó bá fi í rọ́pò dúdú ní ìwọ̀n ojú lásán lè fọ́ ilé ọta mọ́ ara rẹ̀ lójú. Ẹ̀kẹta, nínú púpọ̀ nínú àwọn Winchester wọ̀nyí, kátíríìjì máa ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú páìpù kan lábẹ́ ọ̀pá, imú èyí tí ó wà lẹ́yìn á kan ìdí èyí tí ó wà níwájú. Nítorí náà ọta onímú pẹlẹbẹ ni a ń lò nínú wọn. Ọta onímú ṣóńṣó lè gún ìdí ìkejì rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá ta padà, kí gbogbo páìpù sì gbiná lọ́wọ́ ẹni.

Àwọn kátíríìjì tí bàbá fi sílẹ̀ sínú agolo bísíkíìtì ńkọ́? Bí idẹ rẹ̀ bá ti pa àwọ̀ ewé, tí ọrùn rẹ̀ sì ti sán, ẹ má yìn ín. Ẹ má sì jù ú sínú iná tàbí sínú ìdọ̀tí. Ẹ kó o fún àwọn ọlọ́pàá. Bí ẹni tí ó ní àṣẹ bá sì yìn èyí tí ojú rẹ̀ dára, tí ó gbọ́ kí òòlù lu ìdí rẹ̀ tí kò dún, kí ó má ṣe fa lẹ́fà kíá. Kí ó kọ ẹnu ìbọn sí ilẹ̀ gbalasa fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nítorí ẹ̀tù àtijọ́ a máa pẹ́ kí ó tó jí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ pé kí ó bá yín lu ihò rẹ̀ fẹ̀ kí ó lè gba kátíríìjì tí ó wà lọ́jà. Mi ò fi àwọn alágbẹ̀dẹ ṣẹlẹ́yà. A ń gbé nítòsí Awka, ìlú tí iṣẹ́ irin rẹ̀ kàn káàkiri kí Òyìnbó tó dé, tí wọ́n sì mọ ṣakabùlà rọ. Ẹni tí ó bá bú wọn kò mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n irin ọ̀pá onílẹ́fà, ìwọ̀n rẹ̀ ni a ṣe fún agbára kan pàtó. Bí a bá lù ú fẹ̀, ó ti tín-ín-rín, a sì tún fi ẹ̀tù tí ó lágbára jù sí i. Yàtọ̀ sí èyí, òfin kò gbà á. A kò gbọdọ̀ ṣe ìbọn tàbí ọta ní ilé tàbí ní àgbẹ̀dẹ ìgboro.

Òfin náà ni Òfin Ìbọn ti 1959, ó sì ṣì wà. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí a kà léèwọ̀, tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan lè fún ni láṣẹ rẹ̀: ìbọn arọ̀jò-ọta, gbogbo ìbọn kékeré àfọwọ́mú, àti ìbọn ológun tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.62 mílímítà, 9 mílímítà tàbí .300 íńṣì. Ti èkejì ni ìbọn ara ẹni, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá àwọn Ọlọ́pàá: àwọn ìbọn ẹlẹ́nu méjì àti irú wọn, àti ìbọn ọdẹ onílà-inú tí ìwọ̀n wọn kì í ṣe àwọn tí mo kà tán yìí. Ti ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà, tí ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Ẹ rí i pé ìwọ̀n ẹnu ìbọn ni òfin ń wò. Ọlọ́run mọ ohun tí ó ṣe: ìwọ̀n tí kò wọ́pọ̀ tí ó ń dà yín láàmú lọ́jà, òun náà ni ó lè gbà yín lọ́wọ́ òfin. .44-40 kò sí nínú èyí tí a dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni .32. Ṣùgbọ́n .30-30 ńkọ́? Ìbọn ọdẹ ni, kì í ṣe ti ológun, àmọ́ ọgbọ̀n ìdá íńṣì ni ó ń jẹ́, ọlọ́pàá tí ó bá rí .30 lára ọ̀pá lè kà á sí .300. Ẹ má jiyàn rẹ̀ lójú títì. Ẹ wá agbẹjọ́rò, kí ẹ jẹ́ kí ó kọ̀wé béèrè kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ìwé àṣẹ kì í ṣe ogún. Orúkọ bàbá ni ó wà lórí ti bàbá, ó sì bá a lọ. Ọmọ tí ó bá pa ìbọn náà mọ́ sí abẹ́ ibùsùn ti ní ìbọn láìní àṣẹ láti ọjọ́ náà, kódà bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Òfin olè jíjà àti ìbọn tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1984 sọ ìjìyà rẹ̀: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. Ọta pàápàá ní òfin tirẹ̀. Kátíríìjì kan ṣoṣo nínú àpò lè di ẹjọ́. Òfin 1959 náà sì sọ ẹni tí a kò gbọdọ̀ fún láṣẹ: ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàrin ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Mo rí i pé àwọn kan ń wo ara wọn. Ojú ni mo ń sọ o, mi ò sọ̀rọ̀ ẹmu.

Fún ẹni tí ó bá rí àṣẹ gbà, tí ó sì rí ọta tòótọ́ gbà lọ́dọ̀ ẹni tí òfin gbà láyè, onílẹ́fà dára fún igbó. Ó kúrú, kì í há sí ìtàkùn, ó sì yá láti ki lẹ́ẹ̀kejì bí ìgalà bá fò sókè. Àmọ́ ẹ rántí pé ọta rẹ̀ kì í dúró sí ibi tí ojú yín mọ. Ó lè lọ ju máìlì kan lọ, ní Ogbaru tí oko, abúlé àti ọkọ̀ ojú omi wà káàkiri. Ìdí kan náà ni a kò fi gbọdọ̀ yìn ín sójú ọ̀run níbi òkú tàbí oyè. Ọdẹ tí ń yìn ìbọn níbi ìsìnkú ọdẹ, ẹ̀tù lásán ni ó ń dà sínú ṣakabùlà rẹ̀. Àgbá tí àwọn ará ìlú yìí ń yìn níbi òkú náà, ariwo ni, kò ní ọta. Onílẹ́fà kò mọ ariwo lásán. Ohun tí ó bá gòkè yóò bọ̀, òrùlé ọjà Onitsha sì pọ̀.

Bí ó bá sì ti yìn ín, kí ó nù ún dáadáa. Ọ̀pọ̀ kátíríìjì àtijọ́ ní iyọ̀ nínú ìdí wọn tí ń jẹ irin. Omi gbígbóná ni ó ń fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni a ó nù ún gbẹ, kí a tó fi òróró ìbọn pa á. Ọ̀rinrin odò yìí kì í jẹ́ kí irin sùn. Epo pupa kì í ṣe òróró ìbọn, ẹ gbà mí gbọ́. Bí ó bá pẹ́, a dì bí oje igi.

Fún ẹni tí kò lè rí ọta tàbí àṣẹ, mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó tọ agbẹjọ́rò lọ, kí àwọn méjèèjì jọ lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá láti fi ìbọn náà lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Kí ó má gbé e dání dé ibẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè bí yóò ṣe wá. Kí ó má tà á fún ẹni tí ń wá a ní bòókẹ́lẹ́, bí owó náà ti wù kí ó pọ̀ tó. Àwòrán bàbá tí ó gbé ìbọn náà lé èjìká nínú igbó, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró sí ìyẹ̀wù; kò sí ẹni tí yóò mú yín nítorí àwòrán.

Akọ̀wé ti gbà láti dá àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lóhùn lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rí lára ọ̀pá ìbọn náà sórí ìwé, lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì, bí ẹ ti rí i gan-an, ẹ má dá nǹkan kan sí. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú wá. Ẹ má gbé ìbọn wá sí gbọ̀ngàn ìpàdé o.